Gáàsì Tí Kò Sí: Èrò Kan Lórí Àròkọ Ọmọdé

Nígbà tí mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra, mo bá a níbi tí ó ti ń fi bírò pupa fa igi lé àròkọ ọmọdé kan. Ọmọ náà kọ ọ́ pé gáàsì kan tú jáde láti inú àpáta, gbogbo irin tí ó bá sì kàn ń di eruku. “Irú gáàsì yìí kò sí,” ni olùkọ́ kọ sí etí ìwé. Èmi náà gbè é lẹ́yìn. Àwa méjèèjì ni a ṣìnà.

H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, gbé ìwé In the Days of the Comet jáde ní ọdún 1906. Nínú rẹ̀, ìràwọ̀ onírù kan kan ayé. Gáàsì ara rẹ̀ sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di ohun mìíràn. Oorun gbé gbogbo ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n jí, ọkàn wọn ti mọ́: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ yìnbọn pa olólùfẹ́ rẹ̀ jáwọ́, ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì sì dópin.

Irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n náítírójìn wà: òun ni nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, kì í sì í tètè bá ohun mìíràn dàpọ̀. Ohun kan yìí ni Wells yí padà; ìyókù ìtàn ń tẹ̀lé e. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ọmọ náà kì í ṣe “Ṣé ó wà?” bí kò ṣe “Bí irin bá di eruku, kí ni àgbẹ̀ yóò fi roko? Kí ni alágbẹ̀dẹ yóò ṣe jẹun?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ta ko ara wọn, ìgbà náà ni kí a tó lo bírò pupa.

Àwọn kan lè sọ pé èdè Yorùbá kò gba irú ọ̀rọ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dá wọn lóhùn: èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Láti ọdún 1938 ni Fágúnwà pẹ̀lú ti mú òǹkàwé wa wọ ayé tí ojú kò rí rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ tún àmì ohùn ọmọ ṣe. Ẹ má ṣe pa ìrònú rẹ̀.