Wọ́n ń fá orí wa lẹ́yìn wa

Ẹ bi àwọn alákòóso káńsù léèrè ìdí tí wọn kì í fi pe ará ìlú sí ọ̀rọ̀ ìṣúná. Èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́: àwọn èèyàn kò bìkítà, wọn kì í jáde dìbò, bí a bá sì pè wọ́n sípàdé, ìrẹsì ni wọ́n ń wá. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníròyìn, lábẹ́ àtíbàbà, àwọn olóyè níwájú, tí ìṣúná tí wọ́n fẹ́ jíròrò lé lórí sì ti di òfin kí a tó pé jọ. Kí ni ẹni tó wá ìrẹsì ṣe tó burú?

Irọ́ gbáà ni pé a kò bìkítà. Ẹ rìn dé àdúgbò èyíkéyìí ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ta ló dáwó ra tíráńsífọ́mà? Ta ló ń san owó ọdẹ, tó ṣe géètì sẹ́nu ọ̀nà, tó da òkúta sínú kòtò ojú títì? Ẹgbẹ́ onílé ni, àti àwọn ayálégbé tí wọ́n bu tiwọn fún. Akọ̀wé ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé, akápò ń ṣírò owó délẹ̀délẹ̀. Ìṣèjọba nìyẹn. Ibi tí owó gidi wà nìkan ni wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́ wa.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. A hó yèè. Ṣùgbọ́n ìjà ẹni tí yóò di àpò mú, gómìnà tàbí alága, ni ìjà náà; wọn kò ránṣẹ́ pe ẹni tó ni àpò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ òṣèlú APC gba gbogbo ipò alága káńsù 57 tó wà l'Ékòó. Alátakò wo ni yóò bèèrè ìṣirò?

Àwa náà ni. Òfin ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe oníròyìn nìkan, láṣẹ láti bèèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí èsì sì dé láàárín ọjọ́ 7. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé sí káńsù lọ́sẹ̀ yìí: èló ló wọlé lóṣù tó kọjá, èló ló lọ sórí gọ́tà àti ọjà wa? Kí akọ̀wé gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.