Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ̀ Pé Ilẹ̀ Gbóná

Oṣù Ẹrẹ́nà la wà yìí. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, oòrùn sì ń ṣe bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó ìwọ̀n 35 lórí Celsius, títì ọlọ́dà tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀ lè gbóná kọjá 60, nítorí ohun dúdú máa ń fa ooru mọ́ra. Irú ooru bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bó ẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá ń fò kiri lórí íńtálọ́kì, ẹ̀rín là ń fi í rín: "Ajẹbọ́tà!"

Ẹ jẹ́ ká fi ajẹbọ́tà sílẹ̀. Ẹni tó ń fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bà wá lẹ́rù ni ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ọ̀dà gbígbóná, tí kò tilẹ̀ yẹsẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn òbí wa ní àtọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè ba àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora jẹ́. Ilẹ̀ á jó bàbá, bàbá kò ní mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá rí omi egbò lórí ẹní ni wọ́n tó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀, ìléròrò ti bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ṣàn dáadáa dé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà egbò kì í tètè jinná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni àwọn òbí wa ti ń bọ́ bàtà lọ́sàn-án gangan? Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn mìíràn á bọ́ ọ sí ìta jìnnà, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ lásán gba orí sìmẹ́ǹtì lọ sídìí omi àlùwàlá, wọ́n á tún gba ibẹ̀ padà. Sálúbàtà kan nínú ọ̀rá ti tó láti gbà wọ́n, títí dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Àwọn ará Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni yí ìlànà ìjọ rẹ̀ padà o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti ń gbé sùtánà sínú báàgì, tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì dára fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Sálúbàtà rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń wọ̀ lọ balùwẹ̀ ní họ́stẹ́ẹ̀lì kì í ṣe bàtà ọ̀sán fún irú wọn. Bàtà tó bo ọmọ ìka, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ló yẹ wọ́n. Kí wọ́n kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò, pàápàá bó bá ti wà nínú oòrùn.

Bí ẹ bá lọ sílé lọ́lidé, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. A mọ̀ pé kò rọrùn. Bàbá lè béèrè ìgbà tí ẹ di dókítà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín." Bẹ́ ẹ bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi lé àbúrò lọ́wọ́ kó máa wò ó lálaalẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ti jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sí fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tútù tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á, ẹ má sì bẹ́ ìléròrò. Bó bá jẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, bó ti wù kí egbò náà kéré tó, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá ń sọ pé kò dun òun.