Ẹ Kọ Ọ̀rọ̀ Ọmọ Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Tú Ká

Bí ìgbéyàwó bá fẹ́ tú ní Múṣin, ní Yábàá tàbí ní Sùúrùlérè, ọ̀rọ̀ ẹrù ló sábà máa ń ṣíwájú. Ta ni yóò gbé firíìjì? Ta ni yóò kó jáde, ta ni yóò jókòó sínú ilé tí wọ́n ti san owó ọdún rẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù? Ọ̀rọ̀ ọmọ ló máa ń kẹ́yìn, ìbínú ni wọ́n sì máa fi ń sọ ọ́. Ìyá á ní bàbá ò ní fojú kan ọmọ mọ́. Bàbá á ní bí ọmọ ò bá sí lọ́dọ̀ òun, òun ò ní san kọ́bọ̀. Kó tó pẹ́, ẹnì kan ti lọ gbé ọmọ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé, ó ti gbé e lọ fún ìyá àgbà ní ìlú mìíràn, ni ìyẹn bá di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ìgbéyàwó lè tú, àmọ́ ọ̀rọ̀ òbí kì í tú. Ẹni tó bá bá wa bímọ, a ó tún pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá gboyè, lọ́jọ́ ìdána rẹ̀, àti lọ́jọ́ tí a bá ń sọ ọmọ-ọmọ lórúkọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí tọkọtaya tó ń yapa kọ́kọ́ jókòó níwájú onílàjà, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ẹlòmíì á ní ẹbí ti bá àwọn dá sí i. Ẹbí ṣeun, ṣùgbọ́n kí ìyàwó padà sílé ọkọ ni ìpàdé ẹbí ń lé. Bí kò bá wá padà ńkọ́? Ìpàdé á tú, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ, kò ní sí ẹni tó béèrè bí owó iléèwé tááàmù tó ń bọ̀ yóò ṣe jáde. Onílàjà kì í gbè sẹ́yìn ọkọ, kì í gbè sẹ́yìn ìyàwó. Kì í dájọ́, kì í sì í pín ẹ̀bi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀ tán, kó sì bi wọ́n léèrè títí wọn yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lè ṣọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ padà síra yín, ẹ lè padà. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ó tú ká láìtú ọmọ ká.

Irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Láti 1999 ni ìjọba Èkó ti dá Citizens' Mediation Centre, CMC, sílẹ̀ lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, ọ̀fẹ́ sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn á lọ ṣàlàyé, wọn á fi ìwé pe ẹnì kejì, wọn á sì dá ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò jókòó. Ní 2002, Lagos Multi-Door Courthouse tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó. Bí tọkọtaya bá fọwọ́ sí àdéhùn níbẹ̀, tí adájọ́ sì bu ọwọ́ lù ú, àdéhùn náà ti ní agbára bí ìdájọ́ nìyẹn.

Ẹni tó rò pé bí òun bá sáré dé kóòtù, òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjíròrò yìí, ń tan ara rẹ̀ ni. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti 1970, ìyẹn tó kan ìgbéyàwó ìwé, ìkọ̀sílẹ̀ kì í fìdí múlẹ̀ pátápátá títí adájọ́ yóò fi rí i pé ètò tó yẹ ti wà nílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 16. Bàbá tó sì ń sọ pé ilé bàbá lọmọ ń gbé ní ìlànà ìbílẹ̀, kó gbọ́ pé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Okwueze ní 1989 pé àṣà kò lè borí àlàáfíà ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti 2014, òbí tó fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ sí kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gbọ́ àlàyé nípa ìlàjà, àyàfi bí ìdí pàtàkì bí ìwà ipá bá wà.

Ibi tí àdéhùn ti ṣe pàtàkì jù lọ ni ilé tí ọmọ tàbí òbí tó ní ìpèníjà ara wà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi ti ń fò kiri: "Kò sí irú èyí nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa." Àwọn mìíràn á pe ìyá ní àjẹ́, bàbá á sì rọra yọ́ jáde. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Èkó ṣe ní 2007 kò yọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Ẹ wo àyíká wa. Iléèwé Modupe Cole fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ní ìpèníjà wà ní Àkókà. Iléèwé Pacelli fún àwọn afọ́jú àti iléèwé Wesley fún àwọn adití wà ní Sùúrùlérè. Ilé ìwòsàn eegun wà ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Bí ìyá bá fi ìbínú kó lọ sí Ìkòròdú, tàbí tí bàbá gbé ọmọ lọ sí abúlé, iléèwé ọmọ àti dókítà tó mọ̀ ọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí yóò dúró nítòsí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ kínníkínní. "Bàbá yóò máa tọ́jú ọmọ" kò tó. Ta ni yóò máa gbé e lọ sí Ìgbóbì, ní ọjọ́ wo, ta ni yóò sì san owó ọkọ̀? Ta ni yóò máa ra bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? Bí ọmọ bá jẹ́ adití, ṣé òbí tó ń gbé lọ́tọ̀ yóò kọ́ èdè ọwọ́, àbí ńṣe ni yóò máa wo ọmọ lójú lásán? Bí ó bá ní wárápá, ta ni yóò kó oògùn rẹ̀ lé ẹnì kejì lọ́wọ́ tó bá ń lọ lo òpin ọ̀sẹ̀? Ọmọ mìíràn yóò pé 18 tí kò ní lè dá bọ́ ara rẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò sinmi, kí ẹ má sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀.

Bó bá jẹ́ òbí ló ní ìpèníjà, àìríran kò ní kí ìyá má lè tọ́mọ. Adití bàbá ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí náà, kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ èdè ọwọ́, ẹ sì béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá tí Èkó ṣe ní 2011 wà lẹ́yìn yín, LASODA ni ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ ìjà ìyá àti bàbá rẹ̀. Ẹ má sì fi "Yaba Left", orúkọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, bú ẹni tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ kàn kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí àìsàn náà bá tún dé sí i, lágbájá ni yóò mú ọmọ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà: níbi tí lílù, ìhàlẹ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀ bá wà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlàjà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè sọ tinú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń lù ú. Kí ó kọ́kọ́ wá ibi ààbò, kó sì lọ sọ́dọ̀ DSVA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ má dúró de ìgbà tí ìwé kóòtù bá dé. Ẹ béèrè ẹ̀ka CMC tó sún mọ́ yín lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ, káàdì ilé ìwòsàn àti àkọsílẹ̀ ohun tó ń ná yín lóṣù dání. Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, ẹ dẹ̀yìn nínú "má gbà fún un". Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ náà lóòótọ́, ẹ bá wọn san owó ọkọ̀ débẹ̀.