Àdéhùn tí owó rẹ̀ kò dọ́gba: ta ni yóò san ìyókù?

Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ họ́kì, eré tí a ń fi ọ̀pá gbá lórí omi dídì, máa ń fi eléré ṣe pàṣípààrọ̀. Bí eléré bá lọ, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ a bá a lọ. Ẹgbẹ́ tí ó gbà á ni yóò máa san owó rẹ̀.

Líìgì wọn, NHL, fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí eléré lọ́dún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí a san lọ́dún náà ni líìgì ń kà. Wọn a pín gbogbo owó àdéhùn sí iye ọdún rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ìpín ọdún kan ni wọ́n ń kà. Nítorí náà, nígbà kan rí, àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń san owó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi ọdún olówó kékeré kún ìparí, kí ìpín náà lè kéré.

Ọ̀rọ̀ Roberto Luongo, aṣọ́lé ọmọ Montréal, fi èyí hàn. Ní 2009, ẹgbẹ́ Vancouver bá a ṣe àdéhùn ọdún 12, mílíọ̀nù 64 dọ́là, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Mílíọ̀nù 10 ni ti ọdún kìíní; mílíọ̀nù kan péré ni ti ọdún tí ó kẹ́yìn, nígbà tí yóò ti pé ẹni ọdún 43. Ìpín tí líìgì ń kà jẹ́ mílíọ̀nù 5 ó lé díẹ̀.

Ní 2013, òfin tuntun dé. Bí eléré bá fẹ̀yìn tì kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó parí, a ó ṣírò iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti san ju ìpín tí a kà lọ, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ó lè ná. Òfin náà mú àdéhùn àtijọ́ pàápàá.

Ó ṣòro fún Vancouver láti rí ẹni tí yóò gba Luongo. Ní oṣù kẹta 2014 ni ẹgbẹ́ Florida tó gbà á. Lára ọdún 8 tí yóò kù lẹ́yìn sáà náà, 4 ṣì ní owó tí ó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Vancouver gbà láti máa san ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní 2019, Luongo fẹ̀yìn tì. Owó ọdún mẹ́ta tí ó kù kò tó mílíọ̀nù 4. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́ta, líìgì yọ nǹkan bí mílíọ̀nù 3 lọ́dọọdún kúrò nínú ohun tí Vancouver lè ná, àti nǹkan bí mílíọ̀nù kan fún Florida. Ó sì ti pé ọdún 5 tí Luongo ti kúrò ní Vancouver.

Nínú àdéhùn, àpapọ̀ owó nìkan kọ́ ni a ń wò. Ìgbà wo ni a ó san apá kọ̀ọ̀kan? Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọrùn ta ni gbèsè yóò wà? Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.