Asọ̀rọ̀mágbèsì Tún Padà Dé

Òjò ń rọ̀ l'Ókè-Ajé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí ẹni ń fi garawa dà á. Mo tan rédíò kan tó ń fọ́nnu pé ti ará Ìjẹ̀bú lòun. Kí ni dí-jè wí? "Oòrùn ti yọ, ẹ jáde wá gbatẹ́gùn!" Àṣé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó kà, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí Rediffusion dé Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, àpótí tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ èsì ni. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn. Òfin 38 ti 1992 ṣílẹ̀kùn fún rédíò aládàáni, GSM dé ní 2001, aráàlú wá ń fèsì. Ṣé 1935 ni wọ́n tún fẹ́ dá wa padà sí ni?

Wọ́n ní owó dísù ló fà á. Irọ́ ni jàre! Bí èèyàn ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹ̀rọ ni, iye dísù kan náà ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Owó oṣù dí-jè ni wọ́n ń ṣọ́.

Ohun tí mò ń bèèrè ò pọ̀: wákàtí kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, kí èèyàn ẹlẹ́ran ara jókòó síbẹ̀, kó yọjú lójú fèrèsé kó tó sọ̀rọ̀ oòrùn. Bí tírélà bá ṣubú lọ́nà Ṣágámù sí Bìní, ohùn àná ò lè kìlọ̀ fún wa. Ọjọ́ Ojúde Ọba nìkan kọ́ ni Ìjẹ̀bú ń bẹ láyé o!