Ta Ni Bíráúsà Ń Ṣọ́?

Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù sáìtì ni mò ń ṣe ní Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ máa ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń rò: "Ọ̀gá, bíráúsà ò gbà!" Kóòdù wọn ké sí sáfà ẹlòmíràn, sáfà náà lè ti dáhùn gan-an, ṣùgbọ́n bíráúsà gbé èsì pamọ́, ó kọ CORS ní lẹ́tà pupa síwájú wọn.

Àtúnṣe tí wọ́n ń gbọ́ níta ló ń bí mi nínú. Àwọn kan á ní kí wọ́n pa ààbò Chrome, bí ẹni pé oníbàárà náà á pa tirẹ̀ lórí fóònù. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n gba inú sáfà ọ̀fẹ́ kan kọjá, èyí tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe ẹni tó ń kọ kóòdù ni òfin tó ń mú kí bíráúsà gbé èsì sáfà ẹlòmíràn pamọ́ wà fún. Láti ayé bíráúsà àtijọ́ Netscape ló ti ń dáàbò bo ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ká ní ìyá kan ti wọ àkáǹtì báǹkì rẹ̀, kò tíì jáde, ló bá tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Láìsí òfin yìí, kóòdù inú líǹkì yẹn lè lọ bá báǹkì lórúkọ màmá, kó ka iye owó rẹ̀. Lọ́dún 2005, wọ́n dá ọgbọ́n JSONP láti fi yẹ òfin náà sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kóòdù yòówù tí sáfà ẹlòmíràn bá fi ránṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ lójú ìwé ẹni. CORS, tí àjọ W3C fọwọ́ sí ní 2014, sàn jù: ẹni tó ni dátà ló ń dárúkọ sáìtì tó lè kà á.

Níbi tí CORS ò bá ti gbà wá, sáfà tiwa ló kù. Ọmọṣẹ́ kan ń ṣe sáìtì fún ìyá kan tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú, Paystack ni wọ́n fẹ́ fi máa gbowó. Ó ki kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí Paystack fún ìyá náà, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live, bọ inú ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Paystack fúnra wọn kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá rí i lè ka ímeèlì gbogbo àwọn tó ra gàrí. Mo ní kó yọ ọ́, kó gba tuntun. Sáfà kékeré la wá kọ: ojú ìwé á bi sáfà wa, sáfà wa á lọ bi Paystack bóyá owó ti wọlé. Òfin bíráúsà ò kan ọ̀rọ̀ sáfà sí sáfà. Paystack nìkan ni sáfà wa sì lè ké sí. Bó bá ń gba àdírẹ́sì gbogbo ayé, wàhálà tuntun la rà.

Wọ́n á ní owó sáfà ńkọ́? Òwò tí kò lè san owó sáfà kò tíì tó ẹni tó ń gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 2023 tí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti dé Nàìjíríà, wọ́n lè bi ọlọ́jà fúnra rẹ̀ léèrè bí dátà oníbàárà bá jò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbéṣẹ́ sáìtì fún èèyàn, ẹ bi í níbi tó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yín sí. Bó bá ní inú ojú ìwé ni, ẹ má sanwó.