Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ńkọ́?

Àwa Yorùbá mọ òkú ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé olóòkú ti kún. Àwọn ará àdúgbò á gbé oúnjẹ wá, gbogbo ẹnu á máa kí "ẹ kú ará fẹ́ra kù". Lórí WhatsApp, àbẹ́là àti "RIP" ò ní dáwọ́ dúró títí di alẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló máa ń wá ní oṣù kẹta?

Ó ṣojú mi ni mo ṣe ń béèrè. Nígbà tí màmá mi kú, àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé kún. Ogójì ọjọ́, àwọn èèyàn ṣì wá. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù mi dákẹ́ lọ gbári, àfi ẹni tó yá wa ní àga, tó ní méjì ò pé.

Ẹni tó wá dá mi lóhùn kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rárá. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín níyànà wa ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kàn ní, "Màmá ẹ, wọn kì í ra mọ́ínmọ́ín tí ò ní ẹyin o. Wọ́n á tú u wò kí wọ́n tó sanwó." Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọ̀kadà ń kọjá. Kò ní kí n mọ́kàn. Ó fún mi ní àpótí kí n jókòó, ó ń bá ọjà rẹ̀ lọ. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ síbẹ̀ báyìí.

"Má sunkún mọ́" tí a máa ń sọ, pàápàá fún ọkùnrin, inú rere la fi ń sọ ọ́, àmọ́ ńṣe ló ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Nínú ìwé àìsàn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, ìbànújẹ́ ọ̀fọ̀ tó bá ń dá èèyàn lọ́wọ́ kọ́ ju oṣù 6 lọ lè di ohun tó nílò ìtọ́jú. Oṣù 6 o! Àwa ti ká àga nílẹ̀ láti ọjọ́ 40.

Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ọ̀rẹ́ yín, ẹ kọ déètì oṣù kẹta sínú fóònù yín, kí ẹ pè é lọ́jọ́ náà. Ẹ dárúkọ ẹni tó lọ. Tí ẹ ò bá mọ onítọ̀hún rí, ẹ béèrè pé, "Irú èèyàn wo ni wọ́n?" kí ẹ sì dákẹ́. Mo mọ̀ pé Èkó ò fún ẹnikẹ́ni láyè, ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland gùn tó fún irú ìpè bẹ́ẹ̀, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọkọ̀.